Èwo ni kànga tèmi níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ìlera ará ìlú ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. A yẹ omi kànga wò ní abúlé kan, a sì bá kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn dókítà, kí n sì tún lọ sọ ọ́ fáwọn ará abúlé. Bí mo bá túmọ̀ èyí tí mo kọ fáwọn dókítà sí Yorùbá, ṣé kò tó?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kò tó, ọmọ mi. Mo ti dán an wò rí. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ya òpó gíga òpó kúkúrú sára páálí, mo gbé e lọ sójúde baálẹ̀, mo ń fọ̀pá tọ́ka, "ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún". Bàbá kan ní kí n dúró ná: "Nọ́ọ̀sì, èwo ni kànga tèmi níbẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó gba oko lọ.

Àwọn dókítà á bi ọ́ pé kànga mélòó, ìgbà òjò ni àbí ẹ̀ẹ̀rùn, báwo lẹ ṣe gbé omi dé ilé àyẹ̀wò. Kọ ọ́ fún wọn, má sì fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó pamọ́. Ará abúlé ní tiwọn á bi ọ́ pé kànga ta ni, kí ni ká ṣe láàárọ̀ ọ̀la, ta ló máa sanwó. Àwọn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún o. Omi wọn ni. Kí baálẹ̀ gbọ́ ṣáájú, kó o wá lọ bá oníkànga kọ̀ọ̀kan nílé ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń fomi ẹ̀ sebẹ̀, tó o bá ní ìgbẹ́ wà nínú ẹ̀ láwùjọ, ìjà lo dá sílẹ̀ yẹn.

Sòbìà, aràn tó ń yọ lẹ́sẹ̀, ló kọ́ mi ní sùúrù. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé a bí i mọ́ni ni. Wọn ò sì gọ̀: ẹni tó mu omi adágún lónìí, ó di bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ta ló máa rántí omi èṣí? A wá ń bu omi sínú ìgò funfun, a ń gbé e sójú oòrùn, kí wọ́n fojú ara wọn rí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé aràn náà, tí wọ́n ń fò sókè sódò nínú ẹ̀. Ìyá kan gba aṣọ asẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa níwèé pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Kòkòrò tìẹ ò ṣeé fojú rí nínú ìgò, ibẹ̀ ló ti le díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá ṣeé rí. Ó yẹ kó fi 30 mítà jìnnà sí kànga, bí ogójì ìgbésẹ̀ àgbàlagbà. Jẹ́ kí oníkànga fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kà á. Tó bá ka méjìlá tó ti dé ṣáláńgá, kò ní bi ọ́ ní ìdá kankan. Kó o sì ti mọ iye tí kílórìn, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ń tà lọ́jà kó o tó lọ.