Àbúrò yín mọ̀ọ́wẹ̀, ṣé ó mọ èèyàn kà?

Àǹtí, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní àbúrò yín tó ń wa bọ́ọ̀tì láti Ìkòròdú lọ sí CMS ti rí iṣẹ́ sí ibùdó ìwádìí kan lórí erékùṣù tó jìnnà sí ibi gbogbo, bọ́ọ̀tì àti àwọn dáífà, àwọn tó ń gbé tánkì afẹ́fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ omi, ni wọ́n fẹ́ kó máa bójú tó, ẹ wá ní níwọ̀n ìgbà tó ti mọ̀ọ́wẹ̀ bí ẹja, tó sì mọ ẹ́ńjìnnì tú, kí ló tún kù. Ó kù o. Ó kù rẹpẹtẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an, erékùṣù kan nínú òkun Íńdíà, n ò ní dárúkọ ẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ọsibítù, ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti pẹtiróòlù wá ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù méjì-méjì, ìyẹn tí òkun bá gbà. Ọmọ Bàrígà lèmi náà, etí omi, kí n tó mọ ABD ni mo ti ń wọ ọ̀sà, ojú tí mo fi lọ náà ni àbúrò yín fẹ́ fi lọ yìí.

Ẹ ṣáà mọ àwọn bọ̀dá tó ń wa yanrìn lọ́sà wa, bàbá tèmi wà lára wọn. Wọ́n á ki àkàbà bọ omi, wọ́n á di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, wọ́n á dá èémí dúró, ó di ìsàlẹ̀, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á gùn bọ̀ lókè. Iṣẹ́ agbára ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí bàbá mi fà símú lókè náà ló ń gbé lọ tó ń gbé bọ̀. Ẹni tó gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn ò rí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń mí, afẹ́fẹ́ tí omi sì ti tẹ̀ pọ̀ ló ń mí, ní mítà 10 ó ti di ìlọ́po 2 ti orí ilẹ̀, ní mítà 30 ó di ìlọ́po 4, náítírójìn inú ẹ̀ á máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara díẹ̀díẹ̀, tónítọ̀hún bá wá sáré jáde, ṣe ló máa hó lára ẹ̀ bíi mínírà tí wọ́n mì dáadáa kí wọ́n tó ṣí i. Ó lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó lè pa á.

Ẹ rántí Harrison Okene, kúùkù ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lójú òkun wa níbí lóṣù karùn-ún ọdún 2013. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò nínú ọkọ̀ tó ti rì, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tó mítà 30. Gbogbo wa pariwo iṣẹ́ ìyanu, ó sì tọ́, àmọ́ nígbà tí àwọn dáífà rí i, wọn ò lè kàn fà á jáde kí wọ́n mú un lọ sílé o, inú ṣéńbà, yàrá irin tí wọ́n ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́ fún ohun tó lé lọ́jọ́ 2, kí afẹ́fẹ́ yẹn lè máa jáde lára ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣéńbà wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn. Tiwa lérékùṣù ò ní, èyí tó sún mọ́ wa jù, bọ́ọ̀tì wákàtí 5 ká tó wá wọ bàálù.

Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe owó oṣù. Kó ní wákàtí mélòó ló wà láàárín etí omi yín àti dókítà, ṣé ọ́síjìn yín, èyí tí wọ́n ń fún dáífà tí irú nǹkan yẹn bá ṣe, á sì gbé èèyàn débẹ̀. Kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣírò ẹ̀. Sílíńdà tó gba lítà 425, ẹni tó bá ń mí lítà 15 níṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò ní pé tó fi máa tán. Nígbà tí mo débẹ̀, sílíńdà méjì péré ni mo bá, ọ̀kan sì ti jò. Oṣù méjì ni mo fi dúró de òmíràn, oṣù méjì yẹn n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá mítà 10, wọ́n sọ mí lórúkọ, wọ́n ń pè mí ní Mister Ten. Mo ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, bọ́ọ̀tì 2, dáífà 9, àwọn 5 nínú ọ̀kan, àwọn 4 nínú èkejì. Láàárín ìwọ̀mi àkọ́kọ́ àti ìkejì, àwọn méjì kan pààrọ̀ bọ́ọ̀tì nítorí kámẹ́rà wọn wà lọ́hùn-ún, n ò kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni tó wa bọ́ọ̀tì kìíní rò pé àwọn méjì yẹn ń bẹ lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ẹnìkejì náà rò bẹ́ẹ̀, òjò ti ṣú, kálukú ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, a bá lọ. A dé jẹ́tì, mo ń fi omi tí ò níyọ̀ ṣan tánkì, mo ń tò wọ́n sórí pákó, ó ku méjì. Mo tún un kà. Méjì náà ló kù. Àǹtí, gbogbo ara mi tutù nini.

Ogójì ìṣẹ́jú ká tó rí wọn, omi ti ń fà wọ́n lọ sí gbangba òkun, rọ́bà pupa gígùn yẹn tí dáífà máa ń fẹ́ kó nàró lójú omi, òun la fi rí wọn. Àwọn fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ibùdó ò sọ nǹkan kan sí mi. Èmi ni oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo kan ìṣó mọ́ pákó kan, mo gé kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, mo kọ orúkọ kálukú sára ẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sómi á fọwọ́ ara ẹ̀ yọ tiẹ̀, tó bá dé á fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e kọ́ padà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíì gbé e kọ́, ì báà jẹ́ ọkọ àti ìyàwó. Bọ́ọ̀tì ò sì ní kúrò lójú kan títí ẹni tó wà á á fi pe orúkọ, tí olórúkọ á fi dáhùn lẹ́nu ara ẹ̀. Àwọn kan ní mò ń ṣe wọ́n bí ọmọ jẹ́léósinmi. Kò burú. Ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ dáífà kan ní Ọsirélíà gbàgbé tọkọtaya ará Amẹ́ríkà sójú òkun, Tom àti Eileen Lonergan, èèyàn 26 ló lọ wẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ka orí, wọ́n kà á ṣì, ó tó ọjọ́ 2 kí ẹnikẹ́ni tó fura, báàgì wọn tó ṣì wà nínú ọkọ̀ ló ta wọ́n lólobó. Wọn ò rí wọn títí dòní. Ní Èkó, kọ́ńdọ́ ń ka owó ni, tówó bá ti pé, orí ti pé nìyẹn. Kí àbúrò yín fi ìyẹn sílẹ̀ sí Ìkòròdú.

Pẹtiróòlù ńkọ́. Tó bá tán l'Ékòó, wọ́n á pe ẹnìkan, kẹ́ẹ̀gì á dé. Lọ́hùn-ún, ohun tó wà nínú dírọ́ọ̀mù ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Mo máa ń pín tinú bọ́ọ̀tì sí mẹ́ta, ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú mi máa ń gbé dírọ́ọ̀mù nàró síta, òjò á rọ̀, omi á dúró sórí ẹ̀, oòrùn á mú dírọ́ọ̀mù gbóná lọ́sàn-án, tó bá wá tutù lálẹ́ á máa fa omi òjò yẹn wọlé gba etí ìdérí, bó tiẹ̀ dé é pinpin. Ẹni tó ti ra pẹtiróòlù olómi l'Ékòó rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ́ńjìnnì mi kú níbi tóóró tí òkun gbà ń wọ àárín àpáta iyùn, omi ń fà gidi, èmi àti obìnrin kan tó ń ka ìjàpá òkun. Ìdákọ̀ró ló yọ wá. Látọjọ́ yẹn dírọ́ọ̀mù mi ń fẹ̀gbẹ́ sùn ni, ìdérí méjèèjì á wà ní ìbú, kí pẹtiróòlù inú ẹ̀ bò wọ́n látinú, afẹ́fẹ́ ò ní ráàyè gba ibẹ̀ wọlé.

Kó wo kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú tánkì, ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ gan-an ni kó wò. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní atẹ́gùn máa ń gbé èéfín lọ sódìkejì, òótọ́ sì ni, fún ààbọ̀ ọdún. Lóṣù kọkànlá atẹ́gùn yí padà, obìnrin kan jáde lómi, ó di orí mú, ó ń bì. Èéfín I-pass-my-neighbour tó ń pa odidi ìdílé mọ́lé níbí, òun náà ni, nínú tánkì ní mítà 20 agbára ẹ̀ ti di ìlọ́po 3. Mo wá ọ̀pá gígùn, mo gbé ẹnu ẹ̀ lọ sókè òrùlé.

Gbogbo ìyẹn, ẹni tó bá láápọn á kọ́ ọ. Kó gba ìwé ẹ̀rí ìdóòlà-ẹ̀mí àti fáàsì-éèdì, kó má sì yà á lẹ́nu tí wọ́n bá tún ní kó kàwé sí i, AAUS tó ń ṣètò dáífìn ìwádìí l'Amẹ́ríkà, wákàtí 100 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Ibi tó máa ti le fún un ni ẹnu. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ni, àgbàlagbà á dúró níwájú ẹ̀, òun á sì ní láti sọ pé rárá.

Prófẹ́sọ̀ kan wá sọ́dọ̀ wa, irun ẹ̀ funfun báláú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní, ìjì gba ọjọ́ 5 nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí bàálù fẹ́ gbé e lọ lọ́sàn-án, ó ní òun fẹ́ wọ omi láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, iṣẹ́ òun ò pé. Ìlànà Divers Alert Network, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò àwọn dáífà, ni pé ẹni tó wọ omi lẹ́ẹ̀kan á dúró wákàtí 12 kó tó wọ bàálù, ẹni tó ti ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ bíi tiẹ̀, ó kéré tán 18, torí náítírójìn yẹn ṣì wà lára, òkè sì máa ń jẹ́ kó hó. Mo ní rárá sà. Ó ní ṣé mo mọ iye tí wọ́n ná sórí ìrìn-àjò yìí. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n sà. Ó ń gbóná sí mi, n ò wá mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja lórí jẹ́tì níbẹ̀, òyìnbó ò mọ ohun tí mò ń ṣe, ó rò pé mo ṣubú ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé tánkì wà lápò mi, n ò mú un jáde.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ẹ̀ pé tó bá ti ní omi ò ṣe é wọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ parí, ọ̀gá ibùdó gan-an ò lè yí i. Tí wọn ò bá kọ ọ́, kó jókòó ti bọ́ọ̀tì Ìkòròdú ẹ̀.

Ẹ tún ní màámi yín ń bèèrè nípa fóònù. Sátẹ́láìtì la fi ń pe fóònù tiwa, alẹ́ ló ń já geere, tí ìkùukùu bá bo sólà fún ọjọ́ méjì, ó parí. Kẹ́ ẹ ti sọ fún wọn kó tó gbéra o, torí màámi tèmi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko fún mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti kó wòlíì wálé, bátìrì ló kú.