Ìṣẹ́jú kan kì í pé tó fi ń tán

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo gbéyàwó, Ìbàdàn là ń gbé. Látìgbà tí mo ti mọ obìnrin ni àtọ̀ mi ti máa ń tètè jáde, ìṣẹ́jú kan kì í pé. Mo mu ale títí, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo jáwọ́ nínú ṣúgà, pàbó ló já sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì wá fún mi ní tramadol, ìyẹn ṣiṣẹ́, àmọ́ ní báyìí tí mi ò bá ti lò ó, òógùn á máa bò mí, ara mi ò ní balẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, tramadol yẹn ló ń já mi láyà ju ọ̀rọ̀ àtọ̀ lọ. Oògùn ìrora ni, ó ń di bárakú, ó sì lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ bí ẹni tó ní wárápá. Òógùn tó ń bò ẹ́ yẹn, ara ẹ ló ń bèèrè ẹ̀. Má kàn dédé já a sílẹ̀ o, lọ bá dókítà kó bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó o sì sọ iye tó ò ń lò fún un gan-an, torí àwọn oògùn tí wọ́n lè fẹ́ fún ẹ kì í bá tramadol rẹ́, ewu ńlá ni tí wọ́n bá pàdé nínú ara.

Ṣúgà kọ́ ló fà á. Bí ara ẹ ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní in. Ká ní ẹnu àìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ ni, wọn ì bá yẹ prostate ẹ (ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) àti thyroid ẹ (èyí tó wà níwájú ọrùn) wò, wọn ì bá sì bi ẹ́ bóyá nǹkan ọkùnrin ẹ ń le dáadáa, torí tí kò bá le, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú.

Ìtọ́jú wà. Paroxetine àti sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n àmọ́ wọ́n ń fa àtọ̀ sẹ́yìn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó hàn. Dapoxetine ní tiẹ̀, wákàtí kan sí mẹ́ta ṣáájú ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ìpara lidocaine, tó máa ń jẹ́ kí ara kú tìpìrì, náà wà, wọ́n ń fi í pa orí nǹkan ọkùnrin, tó bá tó bí ìṣẹ́jú 15 kó o fọ̀ ọ́ dànù tàbí kó o lo kọ́ńdọ̀mù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyàwó ẹ náà ò ní mọ nǹkan kan lára.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Dókítà kan, James Semans, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1956: tó o bá ti mọ̀ pé ó fẹ́ dé, dúró, jẹ́ kó rọlẹ̀, kó o tún bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ara á máa mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ o ò lè dá a ṣe lẹ́yìn ìyàwó ẹ. Obìnrin tí wọn ò sọ nǹkan kan fún, ó lè ti máa rò ó pé òun ni kò wu ọkọ òun mọ́, ó dùn mí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Má sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹun tán, kó o pa fóònù, kó o kọ́kọ́ sọ ti tramadol.