Irùngbọ̀n Tó Ń Ta Kókó: Omi Ni Kó Kọ́kọ́ Mu, Kì í Ṣe Abẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa onígbàjámọ̀. Ọmọ ọdún 28 ni mí, báńkì kan ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irùngbọ̀n mi le bí ìgbálẹ̀, ó sì ń ká jọ bí irun orí. Bí mo bá fá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, abẹ́ àgbọ̀n mi á ti sú kókó kéékèèké, á máa yún mi, òmíràn á sì gbọyún. Bí mi ò bá fá a, á rí wúruwùru, ọ̀gá wa kò sì fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi rìláásà sí i kó lè nà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rìláásà yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí orí tí rìláásà bó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ojú, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, tí ẹnu àti imú sì wà nítòsí. Má dán an wò.

Mo ti ń gẹrun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láti ọdún 1991, kò sì sí ẹjọ́ tí mo gbọ́ tó èyí tí o kọ yìí. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹnì kan ò sì fi nǹkan ṣe ọ́. Já irun kan lára irùngbọ̀n rẹ, kí o gbé e sójú oòrùn. Wàá rí i pé kò rí róbótó bí òwú ìránṣọ. Ó pẹlẹbẹ, ó sì ń yí bí òwú tí a tú lára súwẹ́tà. Ihò tó ti ń jáde nínú awọ gan-an rí kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà bó ṣe ń jáde báyìí ló ti ń wá ọ̀nà àtipadà. Bí abẹ bá wá gé e, ṣóńṣó rẹ̀ á mú bí ẹ̀gún, á sì gún awọ wọlé. Ara á gbà pé àjèjì ló wọlé, á gbógun tì í. Ogun yẹn ló ń wú, tó ń yún ọ.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi jáde lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan sì wọlé, ó ní òun ń lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò òun, kí n jẹ́ kí àgbọ̀n òun dán bí ìsàlẹ̀ àwo. Mo fa awọ ọrùn rẹ̀ le, mo fi abẹ tuntun fá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì tún un fá. Ó dán lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà wá, ó fi aṣọ ìnujú bo ọrùn. Nígbà tó ṣí i, mi ò lè wojú rẹ̀. Ọ̀gá mi ò nà mí, kò sì bú mi. Ó gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo kókó kan dáadáa. Mo rí irun náà lábẹ́ awọ, ó ká jọ bí ejò tó sùn. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí a bá fa awọ le ká tó fá irun, abẹ á gé e kọjá ojú awọ. Bí a bá wá jọ̀wọ́ awọ, irun á wọlé sínú, kò ní rọ́nà jáde mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Irùngbọ̀n ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, bó bá sì ti ń gùn, púpọ̀ nínú èyí tó há sábẹ́ awọ á fúnra rẹ̀ yọ orí jáde. Láàárọ̀, ki táwẹ̀lì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fún un, kí o gbé e lé àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú 5. Bí o bá rí irun tó ká bí òrùka lójú awọ, fi abẹ́rẹ́ tí o ti fi sípíríìtì nù gbé orí rẹ̀ sókè, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má fà á tu, òmíràn tó máa hù níbẹ̀ á tún gba ọ̀nà kan náà. Bí kókó kan bá ń gbọyún ṣáá, tàbí tí àpá rẹ̀ ń le, tó ń ga sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ mọ́. Dókítà awọ ara ni kí o lọ rí.

Ní ti ọ̀gá rẹ, ṣàlàyé fún un. Bó bá ní dandan ni kó wálẹ̀, kílípà ni kí o lò, láìfi ẹnu rẹ̀ tẹ awọ. Ó máa ń ṣẹ́ irun kù díẹ̀, kì í tó mìlímítà 1. Ojú ò ní tètè rí i, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí irun lè padà wọlé.

Tó bá wá gùn, ìtọ́jú ló kù. Òróró tí awọ ń sun máa ń ṣàn lára irun tó nà bí omi lára páànù, àmọ́ lára irun tó ká, kọ́nà àkọ́kọ́ ló ti ń dúró. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi gbẹ bí ìgbálẹ̀. Omi ló ń wá. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù, omi lásán ti tó. Bí ọṣẹ dúdú ni o ní, fi omi rà á ní àtẹ́lẹwọ́ títí á fi yọ ìfófò, ìfófò yẹn nìkan ni kó kan ojú. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó lágbára, ó sì ń gbẹ irun.

Má nù ún gbẹ tán. Mú òrí tó tó hóró àgbàdo kan. Èyí tó ń wá láti apá Ṣakí ni mo fẹ́ràn, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tí kò funfun báláú. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí á fi yọ́ di epo. Kì í pẹ́, ooru ara ti tó o. Kọ́kọ́ fi ọmọ ìka tì í wọ abẹ́ irun kó lè kan awọ, kí o tó fi ìyókù pa irun. Tí ọyẹ́ bá lọ, òróró àgbọn fúyẹ́ ju òrí lọ. Òòyà onígi tí eyín rẹ̀ fẹ̀ ni kí o fi yà á, láti ṣóńṣó lọ sí ìdí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, jíjá ló ń já a. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í mọ́ àgbọ̀n títí á fi gbẹ. Ibi tí irun tútù bá gbẹ sí ló máa dúró sí.

Bí o bá fẹ́ gé e, jẹ́ kó gbẹ kí o tó gé e. Irun tó ká máa ń nà nígbà tó bá tutù, bó bá gbẹ tán á sún kì, wàá sì rí i pé o ti gé e jù. Ìlà ìsàlẹ̀, fi í sí ìwọ̀n ìka méjì lókè gògóńgò. Àwọn àgbà ní, "Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi." Nítorí náà, gé máamú kó má bo ètè. Ní ṣọ́ọ̀bùkíṣọ́ọ̀bù tí o bá sì lọ, rí i pé wọ́n fi sípíríìtì nu ẹnu kílípà lójú rẹ. Bí abẹ bá máa kàn ọ́, mú tuntun tìrẹ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ọkọ mi, ẹni ọdún 51, kun irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń funfun pẹ̀lú àwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Ojú rẹ̀ wú lọ́jọ́ kejì, ó sì ń yún un. Ó ní òun máa dín in kù nígbà mìíràn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kó tún fọwọ́ kan nǹkan yẹn. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ dúdú. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń kọ̀ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà kejì, bó tiẹ̀ kéré. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀ bí ètè tàbí ojú rẹ̀ bá tún wú, tàbí tí mímí bá ń ni ín lára. Bí kò bá fẹ́ fi ewú sílẹ̀, làálì gidi wà, èyí tó ń pọ́n bí ìpara osùn. Ẹni tó bá ta "làálì dúdú" fún un, kẹ́míkà kan náà ni wọ́n sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn kó lè dúdú.