Irin Odò, Ẹṣin Ojúde Ọba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ajórin. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ìdọ̀tí inú odò tó wà lẹ́yìn ọjà. Páànù, páìpù, sàláńsà mọ́tò, ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti dúrọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa kan fẹ́ fi ṣe ẹṣin Ojúde Ọba síwájú gbọ̀ngàn wa, kó dúró kí ọjọ́ kẹta Iléyá tó pé. Àwọn yòókù ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wẹ́dà wa ní gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Akọ̀wé ẹgbẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ sì bá mi kí i.

Ẹ wá òòfà, èyí tó wà nídìí sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Ẹ máa gbé e kan irin kọ̀ọ̀kan. Bàbà àti alumíníọ̀mù kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbà idẹ tàbí agogo, ẹ má fi kún un. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló fi bọ odò. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò bí ẹ ó ṣe dá a padà.

Páànù ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Síńkì ni wọ́n fi bò ó lára kó má bàa dípẹtà. Síńkì a máa hó ní 907°C, irin kò sì ní yọ́ àfi tó bá dé 1538°C. Kí irin tó gbọ́ ti iná, síńkì ti di èéfín funfun, imú ẹni tó ń jó o ló sì ń wọ̀. Lójú ẹsẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan. Bílẹ̀ bá ṣú, òtútù á mú un, ara á gbóná, ẹnu rẹ̀ á rí bí ẹni tó lá kọ́bọ̀, ará ilé á sì ní ibà ni. Wàrà agolo làwa wẹ́dà máa ń gbé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wàrà dùn, àmọ́ kì í lé èéfín. Ẹ má jó páànù rárá. Ẹ gé e bí aṣọ tí wọ́n ń dà bo ẹṣin, ẹ lu ú níhò, kí ẹ fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ egungun ẹṣin náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Èmi fẹ́ràn ìyẹn.

Dúrọ́ọ̀mù tí bẹntiróòlù ti gbé rí, ẹ má fi iná kàn án, bó ti wù kó pẹ́ nínú omi tó. Páìpù tí ẹrẹ̀ dí lẹ́nu méjèèjì náà ńkọ́? Omi inú rẹ̀ á di oru, kò ní rí ibi gbà jáde, á bẹ́ lójú ẹni tó lóṣòó tì í. Ẹ gún ẹrẹ̀ náà jáde, kí ẹ sá a sóòrùn.

Sàláńsà ni ikùn ẹṣin, ṣéènì ni irun ọrùn rẹ̀. Ibi tí ẹ máa jó nìkan ni kí ẹ họ títí á fi dán. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀, kí ẹ fi fáníìṣì bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀dà góòlù dé ibẹ̀! Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ààtàn ni, ẹ sọ fún un pé irin àlòkù ni Olu Amoda, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, fi ń ṣe ère, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn ńlá Dak'Art, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, lọ́dún 2014.

Àwọn tó fẹ́ tà á náà rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí wọ́n ta bàbà àti alumíníọ̀mù yẹn, òun ló lówó lórí jù. Ẹ fi owó rẹ̀ ra bóòtì, fáníìṣì, àti sìmẹ́ńtì tí ẹ máa fi ri ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́lẹ̀, kó jinlẹ̀ dáadáa. Kí ẹ sì fi fáìlì pa gbogbo etí páànù, torí àwọn ọmọdé máa gùn ún.