Bi Ẹnjiníà: Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo

Ọ̀rọ̀ fídíò orí fóònù ló pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín lóṣù yìí. Mo mú àwọn tí mo lè dáhùn láìbú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi rí fídíò jẹnẹrétọ̀ kan tí kì í mu epo, tí kò sì fẹ́ oòrùn. Ẹni tó ń tà á ní ká san ìdajì owó sílẹ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ọkọ mi fẹ́ fi san án. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Lugbe, Abuja)

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí owó yẹn kúrò nílé. Irọ́ ni.

Èmi náà ti wo irú rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi orin ìyìn sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ rèé: bátìrì á yí mọ́tọ̀ kékeré kan, mọ́tọ̀ á yí irin ńlá róbótó, irin á yí alternator, alternator á mú iná wá fún ilé, á sì tún máa cháàjì bátìrì tó kọ́kọ́ gbé e dìde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bátìrì fún mọ́tọ̀ ní 1,000 wáàtì. Bí mọ́tọ̀ náà bá dára gan-an, nǹkan bíi 900 ni yóò fi yí irin. Ìyókù á di ooru àti ariwo. Alternator tó dáa bákan náà á gba 900 yẹn, á dá 810 padà. A ò tíì tan gílóòbù kankan, 190 ti wọlẹ̀. Irin ńlá yẹn kì í dá agbára sílẹ̀, èyí tí a bá fún un ló máa ń tọ́jú fún ìgbà díẹ̀.

Kí ló wá ń tan iná nínú fídíò? Ẹ wo abẹ́ tábìlì dáadáa, wáyà lè wà níbẹ̀. Bí kò bá sí wáyà, bátìrì tí wọ́n ti cháàjì kún tẹ́lẹ̀ ni, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sì lè tán an.

Bí bàbá wọn bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ní kí òǹtajà tan án níṣojú yín láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù. Mo mọ ohun tí yóò sọ: ẹ̀rọ náà ṣì wà ní Èkó. Àwọn ará Èkó ni wọ́n ń sọ fún pé ó wà ní Abuja.

Nígbà tí owó mìíràn bá wọlé, ẹ ra inverter kékeré àti bátìrì olómi 12 volt kan tó jẹ́ 200Ah. 2,400 wáàtì-wákàtí ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè kú. Ìdajì yẹn á gbé fáànù 60 wáàtì kan àti gílóòbù 10 wáàtì mẹ́rin fún bíi wákàtí mẹ́wàá, torí inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ò sí níbẹ̀ o. Òun náà kì í sì í cháàjì ara rẹ̀: NEPA tàbí oòrùn ni.

Ọmọ mi ka Electrical ní Zaria, ó wá ní orí kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ máa ti kọ app nínú yàrá. Ẹ bá mi bá a wí. (Bàbá kan, Kaduna)

Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò ní bá a wí. Inverter tí mo gbé kọ́ ògiri fún oníbàárà kan ní Gwarinpa láìpẹ́ yìí, orí fóònù ni mo ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ló jókòó sínú yàrá kọ app yẹn. Ohun tí ẹ lè bá mi sọ fún un ni pé kó má tíì kọ Engr. síwájú orúkọ rẹ̀ lórí Facebook, àfi bí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1970 ni òfin ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé wọn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Engr. àti Ambassador ti pọ̀ ju gáàrì lọ.

Kí lẹ máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Minna)

Rédíò àtijọ́ ni mo máa ń tún ṣe. Ìyàwó mi ní ilé wa ní Kubwa ti di itẹ́ òkú rédíò. Màì gádì àdúgbò wa ló gbé èyí tó kẹ́yìn wá, èyí tó fi ń gbọ́ BBC Hausa. Eruku ló kún inú ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ náà gbìyànjú èyí: bí ilẹ̀ bá ṣú, yí rédíò sí medium wave, ibi tí wọ́n kọ MW tàbí AM sí. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ lókè tó ń gbé ìgbì rédíò mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele yẹn á pòórá, ìgbì á ga sí i, á kan ìpele mìíràn, á sì ta padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Èmi àti màì gádì máa ń gbọ́ àwọn elédè Faransé lóru. Àwa méjèèjì ò gbọ́ Faransé, orin wọn la ń gbọ́.

Àwòrán òdòdó "ẹ káàárọ̀" tí àwọn àgbà ń fi ránṣẹ́ ti kún fóònù mi. (Ọ̀dọ́ kan, Wuse)

Lọ sí settings WhatsApp, ní kó má dá àwòrán gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n má dá wọn dúró. Àǹtí mi kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí òdòdó rẹ̀ kò bá wọlé kó tó di aago mẹ́jọ, mo ti ń pè é nìyẹn. Ẹni tó ń fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́jọ ránṣẹ́ lèmi ń bá jà. Kó pè mí!

Ṣé ó yẹ kéèyàn máa fọ pánẹ́ẹ̀lì sólà? (Alhaji, Suleja)

Ó yẹ, Alhaji, pàápàá lásìkò ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá ń fẹ́ bọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ní kùtùkùtù kí gíláàsì tó gbóná, omi lásán àti aṣọ tó rọ̀ ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun orí rẹ̀. Kí wọ́n má sì sá nǹkan sí i: mo ti bá ata lórí pánẹ́ẹ̀lì oníbàárà kan tó ní iná òun ò tó mọ́. Ata náà gbẹ dáadáa.