Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà mi lóru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi nílé n'Íbàdàn, Èkó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí port 22 (ẹnu ọ̀nà tí SSH máa ń gbà) lórí router kí n lè máa fi SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Lánàá mo wo /var/log/auth.log, àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbìyànjú láti wọlé, "Failed password for root" (password tí kò tọ̀nà fún root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà) lé ní 3,000 lọ́jọ́ kan! Ta ni mo ṣẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn gbé port náà sí 2222.

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ń lọ láti àdírẹ́ẹ̀sì dé àdírẹ́ẹ̀sì tọ̀sán-tòru, tó ń dán root, admin àti test wò. Bí ẹ bá lo 2222, ariwo á dínkù lóòótọ́, àmọ́ àgádágodo kan náà ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. SSH tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland lọ́dún 1995 ń bo password kí wọ́n má jí i lójú ọ̀nà. Kò lè dí ẹni tó ń méfò lọ́wọ́. Password gan-an ni kí ẹ mú kúrò.

Lórí laptop yín l'Ékòó, ẹ tẹ ssh-keygen -t ed25519. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni yóò ṣe. Ẹ fi ssh-copy-id gbé èyí tó parí sí .pub lọ sílé. Èkejì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sì fún un ní passphrase, ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, torí olè lè gbé laptop. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń gbà yín wọlé, ẹ kọ PasswordAuthentication no (kí password má wọlé mọ́) àti PermitRootLogin no (kí root má wọlé) sínú /etc/ssh/sshd_config lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ẹ yẹ fáìlì inú sshd_config.d wò pẹ̀lú. Bí ọ̀kan níbẹ̀ bá ní yes, tirẹ̀ ló máa ń borí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ rèé. Ẹ fi sudo sshd -t yẹ ohun tí ẹ kọ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, ẹ tún ssh tàn, ṣùgbọ́n ẹ má ti fèrèsé tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fèrèsé mìíràn wọlé ná. Èmi kánjú tì í nígbà kan. Mo ti ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ AllowUsers, ibi tí a ń kọ orúkọ àwọn tó lè wọlé, sshd -t ò sì lè mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ mi nìyẹn. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti wọkọ̀ lọ Òṣogbo nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo, àwòrán ìsìnkú bàbá wa tí ẹbí ń dúró dè sì wà nínú ẹ̀rọ náà.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí o, lálẹ́ òní, ẹ tẹ sudo grep Accepted /var/log/auth.log lórí kọ̀ǹpútà ilé; yóò fi àwọn tó ti ráyè wọlé hàn. Bí àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ pe ará ilé kó yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì lára kọ̀ǹpútà náà kíá, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà.