Bọ́ọ̀lù pupa 5 àti dúdú 3 wà nínú àpò. Bí mo bá mú méjì láì dá àkọ́kọ́ padà, kí ni ìṣeéṣe pé pupa ni méjèèjì?

5/14 ni. Nígbà tí o fẹ́ mú àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù 8 ló wà níbẹ̀, pupa jẹ́ 5: 5/8 nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á tún kọ 5/8 fún èkejì. Ọ̀kan ti jáde kẹ̀! Ó ku 7 nínú àpò, pupa sì ku 4, ìyẹn 4/7. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa, torí náà ìsọdipúpọ̀ la máa ṣe, kì í ṣe ìròpọ̀: 5/8 × 4/7 = 20/56 = 5/14.

Ká ní o dá a padà ni, 25/64 ni ì bá jẹ́. Bí wọ́n bá sì béèrè ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, dúdú kan jáde láì dá àkọ́kọ́ padà, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Òdìkejì pé pupa ni méjèèjì nìyẹn: 1 − 5/14 = 9/14.